Ọjà Àpòmù àti Ẹ̀kọ́ Ìròyìn ní Ìkirè

Kí ìwé ìròyìn tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ọjà ni àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ìròyìn. Ọjà Àpòmù wà lára èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ẹni tí ó ru ẹrù lọ síbẹ̀ a máa ru ọ̀rọ̀ bọ̀ wá sílé. Ọ̀rọ̀ kan sì ti ibẹ̀ jáde tí ó tú ìlú ká.

Samuel Johnson, ẹni tí ó jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kíka ataare ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ní ọjà náà. Aáwọ̀ yìí di ìjà ìgboro, ìjà ìgboro sì di ogun. Ní àwọn ọdún 1820, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú dojú kọ Òwu, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Òwu fọ́, àwọn jagunjagun náà kò túká títí wọ́n fi tẹ̀dó sí Ìbàdàn.

Ataare kò tó ohun tí odindi ìlú ń tìtorí rẹ̀ parun. Johnson pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó sọ pẹ̀lú pé a ti ń jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ gbé tà lẹ́rú ní Àpòmù ṣáájú, àti pé nígbà tí a bẹ Olówu pé kí ó fi òpin sí i ni ogun Òwu kọ́kọ́ wọ agbègbè náà. Ìwé Johnson náà rí ìpọ́njú tirẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Ó sọnù lọ́wọ́ atẹ̀wé ní Ìlú Òyìnbó. Johnson kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, a kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di 1921. Ìjà ọjà náà ti tó nǹkan bí 100 ọdún nígbà náà.

Abẹ́òkúta, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn Òwu sá lọ, ni ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Rògbòdìyàn 1867 pa á lẹ́nu mọ́. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn èyí, ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni akọ̀ròyìn ti ń kọ́ṣẹ́. Ní 1961 ni Yunifásítì Nsukka gbé iṣẹ́ náà wọ iyàrá ìkàwé. Kò pẹ́ tí Yunifásítì Èkó fi tẹ̀lé e.

Nígbà tí a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2006, a pín in sí ìlú mẹ́fà. Ìkirè, tí àwọn arìnrìn-àjò ti mọ̀ fún dòdò, ni a fún ní ẹ̀ka ìmọ̀ ọmọnìyàn àti àṣà. Ìpín náà dára ju bí àwọn tí ó pín in lè ti rò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ nípa èdè àti ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò ní láti lọ sí òkè òkun kí ó tó rí bí ìròyìn ti ń yí padà láti ẹnu dé ẹnu, láti ẹnu dé ìwé. Nínú ìtàn Johnson, a gbọ́ ti ẹni tí ó ta ataare, a gbọ́ ti ẹni tí ó rà á; díẹ̀ ni a gbọ́ lẹ́nu ará Àpòmù tí ó ni ọjà. Àwọn àgbà tí a lè bi léèrè ń dínkù lọ́dọọdún, Àpòmù kò sì jìnnà sí Ìkirè.