Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìdàgbà Ọmọ Kòálà

Kòálà, ẹranko orí igi ilẹ̀ Ọsirélíà, kò ní orúkọ ní Yorùbá. Èdè Dharug, ti àwọn ọmọ onílẹ̀ agbègbè Sydney, ni orúkọ náà ti wá, òun náà ló sì yẹ kí ìwé ọmọdé lò. Kí òǹkọ̀wé má ṣe fi "béárì" kún un, nítorí kòálà kì í ṣe béárì. Ẹranko alápò ni, bíi kàngarúù.

Ọjọ́ ìbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Oyún kòálà kò ju nǹkan bí ọjọ́ 35 lọ. Ohun tí ìyá bí kò tó gíráàmù 1, kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, kò ní irun, ojú rẹ̀ sì dì pa. "Ìkókó" tóbi jù fún un, torí ìkókó tí àwọn ọmọdé mọ̀ a máa ké, ó sì ṣeé gbé jó. "Ọlẹ̀" ló bá a mu: bó ṣe wà ní ọlẹ̀ náà ni ó ń rá wọ inú àpò ìyá rẹ̀, tí ó sì ń gbá ọmú mú. Orí ọmú á wú sí i lẹ́nu, kò ní jẹ́ kí ó já bọ́. "Àpò" nìkan tó, bí ìwé bá ti ṣàlàyé pé awọ ikùn ìyá ló ṣe é. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ á rò pé àpò aṣọ ni.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ á yọrí síta, á máa jẹ ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "pap". Ẹni tó bá sáré pè é ní ògì ti ṣìnà. Ìgbẹ́ rírọ̀ ni, láti inú ìfun ìyá, ó sì kún fún kòkòrò àìfojúrí tí yóò máa jẹ́ kí ewé yukalípítọ́sì, ewé olóró, dà nínú ọmọ. "Ìgbẹ́ rírọ̀" ni kí ìwé kọ. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní gbàgbé.

Bí ó bá kúrò nínú àpò, "pọ̀n" ló ń yára wá sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyá ló ń pọnmọ, ọ̀já ló sì ń dì í. Kòálà kò ní ọ̀já. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń fi èékánná di irun ẹ̀yìn ìyá mú. "Ó so mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀" péye jù. Ní nǹkan bí ọdún kan ni ìyá ń já a lẹ́nu ọmú, gbólóhùn yẹn kò sì nílò àtúnṣe kankan.