Irú Ilẹ̀ àti Ìpìlẹ̀ Ilé ní Ṣàngó, Ìbàdàn

Orí àpáta ni Ìbàdàn wà, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tó bo àpáta náà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Níbi tí ilẹ̀ bá ga, yangí ni a sábà máa ń bá. Ó lágbára láti gbé ilé. Lẹ́bàá odò, amọ̀ ló pọ̀. Amọ̀ a máa wú nígbà òjò, a sì máa súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpìlẹ̀ a yẹ̀, ògiri a sì lanu.

Kí ẹ tó rẹ́ ògiri tó lanu, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlẹ̀: páìpù tó ń jò, tàbí omi òrùlé tí kò ní gọ́tà. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí òpin ojú lílà náà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá ń gùn sí i, tàbí tí ilẹ̀kùn kò bá ṣe é tì mọ́, ẹ pe ẹnjiníà kí ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ wò; rírẹ́ nìkan kò tó.

Ìkún omi ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 fi hàn pé ilé tó bá wọ ojú ọ̀nà odò, àtúnṣe ìpìlẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀. A rọ̀ yín pé kí ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó rà á.