Ibi Tí Olè Ti Ń Dá Ìbò Lọ́nà: Ìtàn Ìdìbò ní Sábó àti Agbègbè Rẹ̀

Ẹni tí ó bá gba títì Herbert Macaulay láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta wá sí Sábó ní Yábà, tí ó sì yà sí Birrel Avenue níbi tí ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò, INEC, ti ìpínlẹ̀ Èkó wà, ti rin ìtàn ìbò ilẹ̀ wa já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òní. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà kò ju ọ̀kan lọ: láàárín ibi tí a ti ka ìbò àti ibi tí a ti kéde rẹ̀ ni olè ti máa ń dá a lọ́nà, àwọn tí ó dìbò ni ó sì yẹ kí wọ́n ṣọ́ ọ̀nà náà.

Macaulay tí a fi orúkọ rẹ̀ pe títì náà, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, Ejò-Nígboro tí ìjọba òyìnbó kò lè fojú di, ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Òfin Gómìnà Clifford ti 1922 ni ó kọ́kọ́ fún wa láyè láti dìbò, ṣùgbọ́n ìjókòó mẹ́rin péré ni nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Kàlàbá, ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá sì tó £100 nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹgbẹ́ Macaulay gba ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Èkó, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyálọ́jà tí ń fi owó àti ẹnu gbè é kò ní ìbò kankan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Orúkọ ẹgbẹ́ yìí gan-an ni àwọn tí ń ṣàkóso Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gbé wọ̀ ní 1964, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ìwà rẹ̀ wọ̀. Nínú ìbò Ẹkùn náà ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1965, èsì tí rédíò ń ké yàtọ̀ sí èyí tí ojú ará ìlú rí níbi tí a ti kà á. Sábó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n Múṣin tí kò jìnnà sí i wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ibẹ̀ wà lára ibi tí pẹtiróòlù ti di ohun ìjà, tí ilé ń jó, tí ariwo “wẹ́tìẹ̀” (ẹ da pẹtiróòlù sí i) gba ẹnu tọmọdé tàgbà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, àwọn ológun gbàjọba, ìbọn sì gba ipò ìbò.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, a ka ìbò Ààrẹ ní gbangba ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, èyí ni ó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé M.K.O. Abíọ́lá ni ó wọlé, kí Babangida, olórí ìjọba ológun, tó wọ́gi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Nígbà tí àwọn ará Èkó tú jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ní ìpè ẹgbẹ́ Campaign for Democracy, ìbọn ṣọ́jà pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà dájọ́ pé ìjọba fìdíhẹ Ṣónẹ́kàn, tí Babangida fi rọ́pò ara rẹ̀, kò bófin mu. Àwọn ológun tún gbàjọba. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1994, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo NUPENG, tí olú-ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Jíbówú nítòsí Sábó, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nítorí ìbò Abíọ́lá. Akọ̀wé rẹ̀, Frank Kokori, fi ẹ̀wọ̀n san án. Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé ní 1998, kò rí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999 tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀.

Síbẹ̀, ní 2023, nínú àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 93 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò, àwọn tí ó dìbò Ààrẹ kò pé mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ìwé èsì tí a ṣèlérí pé a ó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì hàn lásìkò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Àtúnṣe kò sí lọ́wọ́ ṣọ́jà. Ibùdó ìdìbò ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìbò, nígbà tí òṣìṣẹ́ INEC bá ń gbé ìwé ìbò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èrò ń bá a kà á, tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ń fọwọ́ sí ìwé èsì, tí a sì ń lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe relé kí èyí tó parí. Kí òfin sọ ọ́ di dandan pé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ hàn sí gbogbo ayé kí a tó rò ó pọ̀ mọ́ òmíràn, kí ilé-ẹjọ́ sì parí ẹjọ́ ìbò kí a tó búra fún ẹnikẹ́ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ìbò tí òfin dáàbò bò, tí ará ìlú sì dúró tì títí a fi kéde rẹ̀, apá olè kò ní ká a.