Orin Àtijọ́ àti Orin Titun Nínú Asọ̀rọ̀mágbèsì Ilẹ̀ Jámánì

Nígbà tí ogun ńlá kejì parí ní 1945, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ìhà àríwá ilẹ̀ Jámánì sọ ilé asọ̀rọ̀mágbèsì ìlú Hamburg di ilé-iṣẹ́ titun kan, NWDR, èyí tí ó ní ẹ̀ka ńlá ní ìlú Cologne. Owó tí olúkúlùkù ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ń san lóṣooṣù ni a fi ń bọ́ ọ. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ẹni tí ń ta ìwé ìwọlé ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kò jẹ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ tí ènìyàn díẹ̀ ni yóò wá gbọ́.

Ní 1954, ẹ̀ka Cologne kó àwọn olórin kan jọ, wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ náà ní Cappella Coloniensis. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fi irú ohun-èlò ayé Bach àti Handel ṣe orin ayé Bach àti Handel: gòjé tí okùn rẹ̀ jẹ́ ìfun ẹran, fèrè onígi, àti dùrù kan tí ìyẹ́ ẹyẹ ń ta okùn inú rẹ̀. Ohùn wọn kò le. Inú yàrá ààfin ni a ti ń lò wọ́n tẹ́lẹ̀ rí; nínú gbọ̀ngàn ńlá, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ọjà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ wọn, ó sì dá wọn padà sínú yàrá, àní yàrá onílé kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn ti Hamburg jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Arnold Schoenberg, Júù tí a bí ní Vienna, fi ìtàn inú ìwé Ẹ́kísódù kọ ópérà kan, Moses und Aron. Ẹ mọ̀ pé ohùn Mósè wúwo, tí Áárónì sì jẹ́ ẹnu fún un. Schoenberg mú un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: Áárónì ń kọrin dídùn, Mósè fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọrin rárá, ó ń sọ̀rọ̀ ni, bí ẹni tí òtítọ́ há sí lọ́fun. Ó parí orin apá méjì ní 1932; ọ̀rọ̀ apá kẹta wà, kò sí orin rẹ̀. Ní 1933 Hitler gba ìjọba, a lé Schoenberg kúrò nídìí iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní Berlin, ó sì sá lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí ó kú sí ní July 13, 1951. Ní ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ikú rẹ̀ ni a ṣe orin ijó ẹgbọ̀rọ̀ màlúù wúrà nìkan ní Darmstadt. Etí rẹ̀ kò gbọ́ ópérà náà.

Ilẹ̀ tí ó lé e ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní March 12, 1954, NWDR mú un jáde ní Hamburg láìsí eré orí ìtàgé. Àìsàn dá olùdarí tí a yàn dúró, Hans Rosbaud sì gba iṣẹ́ náà nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ péré. A kò ní í pe èyí ní ìsanpadà. Òkú kì í gba gbèsè. Rosbaud kan náà ni ó darí rẹ̀ nígbà tí ó bọ́ sórí ìtàgé ní Zürich ní 1957. Ibi tí orin náà parí sí ni ibi tí Mósè ti ṣubú lulẹ̀, tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò rí.