Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Fi To Páṣíńkò ní Ìbà

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìlànà bí a ṣe ń to ẹ̀rọ páṣíńkò sílé ní èdè Yorùbá, tó wá kọ́kọ́ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjà Alaba ní Ojo, ní Èkó, ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Kó dé ìsọ̀ àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n àti rédíò tòkúnbọ̀ ṣe, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó pa ẹnu mọ́, kó fi etí sílẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, yóò ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tó ń wá.

Páṣíńkò jẹ́ ẹ̀rọ ayò kan tí ọ̀pọ̀ ará Japan fẹ́ràn. Ó dúró lóòró bí àpótí pẹlẹbẹ, gíláàsì bo iwájú rẹ̀, pákó wà lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n sì kan ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìṣó idẹ mọ́ pákó náà. Ẹni tó ń ta á yóò yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò máa ju bọ́ọ̀lù irin kéékèèké sókè, bọ́ọ̀lù yóò sì máa ta kiri láàárín ìṣó bó ṣe ń já bọ̀. Fífẹ̀ bọ́ọ̀lù kan jẹ́ mìlímítà 11, kò sì wúwo ju gíráàmù 5 àti díẹ̀ lọ. Èyí tó bá wọ ẹnu tó yẹ, ẹ̀rọ yóò fi bọ́ọ̀lù mìíràn san án. Èyí tí kò bá ríbi wọ̀ yóò gba ihò ìsàlẹ̀ lọ. Ìlú Nagoya ni ayò yìí ti gbilẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, níbi tí Takeichi Masamura ti to ìṣó rẹ̀ lọ́nà tí àwọn yòókù wá ń wò kọ́ṣẹ́. Àwọn ilé ayò ní Japan kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kan pẹ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ògbólógbòó rẹ̀ ló ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó. Ọ̀nà tí ọkọ̀, fíríìjì àti rédíò tòkúnbọ̀ fi ń ti Japan wọ èbúté Apapa kò sì ní kọ páṣíńkò bí ẹnìkan bá sọ ọ́ sínú kọ́ńténà. Ẹni tó bá gbé e dé ilé ní Ìbà ní Èkó nílò ìwé tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Páṣíńkò ni mo pè é, mi ò pè é ní kàlòkàlò, ìdí sì wà. Àwọn àgbà tó dàgbà sí Èkó mọ kàlòkàlò dáadáa: ẹ̀rọ tí èèyàn ń sọ owó ẹyọ sínú rẹ̀, tó ń fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, tí owó náà sì ń wọlé lọ láìbojú wẹ̀yìn. Orúkọ yẹn kò ti ọ̀dọ̀ onímọ̀ kankan wá, ìgboro ló sọ ọ́. Nígbà tó di 1977, ìjọba ológun ṣòfin tó de ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ náà rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kú. Bí a bá gbé e fún páṣíńkò, a ti dá a lẹ́jọ́ kí iná tó wọ inú rẹ̀. Lóòótọ́, tẹ́tẹ́ ni púpọ̀ ń fi ta ní Japan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin wọn kò gbà kí ilé ayò fi owó lé oníbàárà lọ́wọ́. Ẹ̀bùn ni ẹni tó jẹ máa ń gbà, yóò mú un lọ sí ìsọ̀ kékeré kan nítòsí, ibẹ̀ ni wọn yóò ti ra ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn tò sí pálọ̀ ara rẹ̀ kì í jẹ owó ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀lù tó jáde ló ń padà wọlé. Kó máa jẹ́ páṣíńkò, bí lúdò ṣe ń jẹ́ lúdò ní gbogbo ìsọ̀ mẹkáníìkì láti Ìyànà-Ìbà dé Òkokomáíkò. Ṣ ni mo sì kọ dípò ch (pachinko), nítorí ọ̀nà tí church gbà di ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Àwọn ará Japan tún ń pe rọ́bà tí ọmọdé fi ń ju òkúta ní páṣíńkò, ìyẹn ohun tí àwa ń pè ní kànnàkànnà. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yóò fẹ́ sọ ẹ̀rọ yìí di kànnàkànnà onígíláàsì. Ó dùn létí, kò ṣeé lò. Bí o bá dé ìsọ̀ káfíńtà tí o ní kó bá ọ kan férémù kànnàkànnà, igi ẹlẹ́ka méjì ni yóò gé fún ọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò nílò ìṣẹ̀dá rárá. Ta ni. Yorùbá ń ta ayò, ń ta òkòtó, ń ta ọfà, ń ta tẹ́tẹ́. A ó ta páṣíńkò, ẹ̀rọ náà yóò sì máa ta bọ́ọ̀lù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù ni ọ̀ta, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni ọ̀pẹ, bó ti wà nídìí ọpọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ ibi tó yẹ, a jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n ń sọ ní kíósì tẹ́tẹ́ Baba Ìjẹ̀bú nígbà tí nọ́ńbà ẹni bá jáde.

Bọ́ọ̀lù gan-an ni mi ò fẹ́ kó máa jẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá gbọ́ bọ́ọ̀lù ní Ojo, ti pápá ni yóò sọ sí i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tó sàn jù wà nílẹ̀. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ohun 48 tó wà nínú wọn sì ni ọmọ ayò. Èyí tí a fi ń lọ ata lórí ọlọ ni ọmọ ọlọ, èyí tí a fi ń gún iyán nínú odó ni ọmọ odó. Ohun kékeré tí ohun ńlá kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, ọmọ ni Yorùbá ń pè é. Ọmọ páṣíńkò ni bọ́ọ̀lù wọ̀nyí, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti ń lọ, ọmọ nìkan tó.

Ìṣó kò ní ìṣòro. Ní Japan, ọ̀gá tó ń fi òòlù kékeré tẹ ìṣó sọ́tùn-ún sósì kó lè rọrùn tàbí kó le fún ọmọ láti wọlé ní orúkọ iṣẹ́ tirẹ̀. Àwa lè pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní oníṣòó, bí a ṣe ń pe onílù ní onílù.

Iná ni ibi tí ọ̀rọ̀ tí kò tọ̀nà ti lè pa ènìyàn. Iná ilé ní Japan jẹ́ fóltì 100, tiwa jẹ́ 230, àwọn oníṣẹ́ sì ń pè é ní 240. Páṣíńkò kì í tilẹ̀ lo 100 náà. Fóltì 24 ni wọ́n ń fún un ní ilé ayò. Ẹni tó bá gbé e sílé gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dín iná kù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ni kí a pe ohun náà? Mo ti gbọ́ lórí rédíò tí wọ́n pe tíráńsífọ́mà ní ẹ̀rọ amúnáwá. Jẹnẹrétọ̀ náà ni ẹ̀rọ amúnáwá. Fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé ìlànà, kí o sọ pé kí a so páṣíńkò mọ́ ẹ̀rọ amúnáwá, ẹni tó ń kà á ní Òkokomáíkò yóò lọ tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, yóò ki wáyà bọ̀ ọ́, èéfín yóò sì sọ ìyókù. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí ọ̀rọ̀ tí a kàn ṣẹ̀dá kó lè dún bí Yorùbá. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ lè gba ẹrù ẹni lọ́wọ́ iná.

Tíráńsífọ́mà ni gbogbo ayé ń pè é, kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó, nítorí èyí tó wà lẹ́bàá títì, tí gbogbo àdúgbò ń dáwó tún ṣe, ni ọ̀pọ̀ yóò rántí. Mo dábàá adínnákù: ohun tó ń dín iná kù. Kí a kọ nọ́ńbà tẹ̀ lé e, adínnákù 24, nítorí adínnákù mìíràn wà ní Alaba tí wọ́n fi ń lo ẹrù Amẹ́ríkà, 110 ni tirẹ̀, yóò sì jó páṣíńkò bí ẹni jó ewé.

Nọ́ńbà náà nìkan kò tíì parí ọ̀rọ̀. Bátìrì tírélà méjì tí a so pọ̀ ń mú fóltì 24 wá. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń lo sólà ní bátìrì tó ń mú 24 wá. Ẹni tó bá ka 24 lásán lè rò pé ohun tó ń wá ti wà nílé. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ṣe páṣíńkò fún ni irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, bí ti òpó, kì í ṣe irú ti bátìrì tó ń lọ lọ́nà kan ṣoṣo. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀: iná òpó, iná bátìrì. Adínnákù 24, iná òpó. Gbólóhùn kúkúrú yìí kò fi ibi àṣìṣe sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ̀rọ kò bá tàn, ẹ wo bí ọ̀gá oníṣẹ́ iná ṣe ń ṣe é. Yóò mú mítà, yóò fi ìka pupa kan ojú kan, yóò fi dúdú kan ojú kejì, yóò sún pupa síwájú díẹ̀, yóò tún sún un. Lójijì yóò dúró. "Iná wá dé ibí, kò kọjá." Ìwé wo ni yóò sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Iná ò wọlé, iná ò kọjá, wáyà ti já, fíùsì ti jó. Ìwé ìlànà Yorùbá gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ báyìí, láìsí pé ó ń sọ nípa ìdíwọ́ ìṣàn agbára mọ̀nàmọ́ná.

Káfíńtà ló kàn. Páṣíńkò kì í dá dúró, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wúwo, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ike àti wáyà. Àpótí igi ni a ó kàn fún un. Kó fì sẹ́yìn díẹ̀, kó má fì sọ́tùn-ún, kó má fì sósì. Fì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a nílò, káfíńtà àti bíríkìlà ń lò ó lójoojúmọ́. Bó bá fì síwájú, ọmọ yóò máa gbá gíláàsì. Bó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣẹ́ oníṣòó ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo wá káàkiri. Ọ̀pọ̀ páṣíńkò ìgbà tuntun kì í ta láìjẹ́ pé ẹ̀rọ káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ilé ayò dá a lóhùn pé oníbàárà ti sanwó. Nínú ilé kò sí ẹ̀rọ káàdì. Bọ́ọ̀dù kékeré kan ni wọ́n ń so mọ́ ọn tí yóò máa dáhùn ní ipò ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀. Alágbàwí ni mo fẹ́ kó jẹ́. Ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí bọ́ọ̀dù náà sì ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ìyókù kò le. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí púpọ̀ nínú wọn: yí i sọ́tùn-ún, ara ẹ̀rọ ṣí, yí i sósì, gíláàsì ṣí. Àwo òkè àti àwo ìsàlẹ̀ ni ọmọ ń wọ̀. Ihò tó gba ọmọ tó ṣòfò, ihò òfò.

Ẹ jẹ́ kí a wá dán ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò bí ìwé ìlànà yóò ṣe kọ wọ́n. Gbé páṣíńkò sínú àpótí rẹ̀, kó fì sẹ́yìn díẹ̀. Gbé bàsíà tí o tẹ́ fóòmù sí sábẹ́ ihò òfò, kí ariwo ọmọ má baà lé àwọn aládùúgbò jáde. So alágbàwí mọ́ ọn bó bá jẹ́ irú tó ń béèrè káàdì. Da ọmọ tó gbẹ, tó mọ́, sínú àpò tó wà lókè ẹ̀yìn rẹ̀, kí o sì dà díẹ̀ sí àwo òkè. So ó mọ́ adínnákù 24, iná òpó, kí o tó tan iná ilé. Rọra yí ọwọ́ rẹ̀: bí o bá ṣe yí i tó ni ọmọ yóò ṣe ta jìnnà tó. Ohun tó bọ́ sínú bàsíà, kó o, dà á padà sókè. Ọmọ ọdún 15 ní Ìbà yóò ka èyí, yóò sì ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà onímọ̀ wa kò ṣàìṣe tiwọn. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìkejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ní 1990, ló fún olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí ó fi ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀. Kò sì sí ìtìjú fún ẹnikẹ́ni pé a ń pe fáwẹ́lì ní fáwẹ́lì. Ti ìsọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ ló kù. Ojo sì lágbára níbi tí ọ̀rọ̀ yìí wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní 1975, Yorùbá sì sọ ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó náà ní Ìjàpá. Àdúgbò náà ni kẹ̀kẹ́ Márúwà ń ná, pẹ̀lú orúkọ Buba Marwa tó jẹ́ alákòóso Èkó ní àwọn ọdún 1996 sí 1999. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé méjèèjì lórí.

Òfin tí Gómìnà Ambode buwọ́ lù ní 2018 ní kí a máa kọ́ Yorùbá ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), ọjà Alaba kò jìnnà sí yín. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti gègé, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná, ti káfíńtà àti ti atúnrédíòṣe sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn ọ̀gá tó ń sọ ọ́ tó fẹ̀yìn tì.