Ètè Tó Sùn Tí Kò Jí

Bí eyín ọgbọ́n kò bá ráyè hù, tó dábùú sínú egungun, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ẹran kò ní ṣeé jẹ. Ará Ailegun tó bá gbé e lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ilé-ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1962, lè bínú bí dókítà bá ní òun fẹ́ ya fọ́tò ná. Ṣebí eyín ló wá yọ!

Iṣan ìmọ̀lára kan gba inú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lọ sí ètè, nítòsí gbòǹgbò eyín náà. Ní New York ní 1884, William Halsted àti Richard Hall fi abẹ́rẹ́ kokéènì mú un sùn. Ètè kú, eyín kò dun èèyàn mọ́. (Kokéènì yìí di bárakú fún Halsted fúnra rẹ̀, ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ètè á jí.

Àmọ́ bí irinṣẹ́ bá ṣèèṣì tẹ iṣan náà, tàbí tó já a, ètè lè sùn fún oṣù, àní títí ayé. Àwọn tí tiwọn kì í jí mọ́ kò tó ẹnìkan nínú 100, ṣùgbọ́n tíì gbígbóná á bó onítọ̀hún létè, kò ní mọ̀.

Afọ́jú niṣẹ́ náà títí Röntgen, ará Jámánì, fi ṣàwárí X-ray ní 1895. Ní 1984, àwọn kan kọ̀wé pé kí wọ́n gé orí eyín, kí wọ́n fi gbòǹgbò tó súnmọ́ iṣan sílẹ̀. Ní 2000, àjọ NICE nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n má yọ eyín ọgbọ́n tí kò yọni lẹ́nu rárá. Yíyọ, gígé, tàbí fífi sílẹ̀: fọ́tò tí ará Ailegun ń bínú sí ni dókítà á wò kó tó mú ọ̀kan.