Ẹ Kú Iṣẹ́: Ìtàn Ewì Kéékèèké Tí Ọmọdé Fi Ń Yin Òṣìṣẹ́

Nílẹ̀ Yorùbá, ìkíni ni ìpìlẹ̀ ewì tí ọmọdé fi ń yin òṣìṣẹ́. Kí ọmọ tó mọ ìwé kà, wọ́n á ti kọ́ ọ pé a kì í kọjá lára ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láì kí i, àti pé oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni tirẹ̀. Bó bá kan onídìrí, á ní "Ojú gbooro o!" Onídìrí á dá a lóhùn pé "Oòyà á yà á!" Bó bá kan alágbẹ̀dẹ, "Àrọyè o!" ni. Ti àgbẹ̀ ni "Àroko bọ́dún dé o!", ti ọdẹ ni "Àrìnpa o!", ti aláró ni "Àrẹdú o!", ti ẹni tó jókòó ti ọjà ni "Àtàjèrè o!" Adẹ́mu tó wà lókè ọ̀pẹ ń gbọ́ "Igbà á rọ̀ o!" láti ìsàlẹ̀, nítorí igbà tó fi gbé ara rẹ̀ ró ni ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́.

Bí a bá tú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, àdúrà ló wà nínú wọn. Kí ọdẹ rìn, kó sì rí ẹran pa. Kí ọlọ́jà tà, kó sì jèrè. Kí aṣọ tí aláró rẹ sínú ìkòkò aró dú dáadáa. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá ní "Àrẹdú o!" ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ohun tí òṣìṣẹ́ náà ń ṣe, ó ti sọ ohun tó ń wá, ó sì ti bá a tọrọ rẹ̀. Ewì kúkúrú tó dára jù lọ lórí òṣìṣẹ́ kò ṣe ju èyí lọ títí di òní.

Ohun tí ìkíni fi ọ̀rọ̀ kan ṣe, oríkì lè fi odidi òwúrọ̀ ṣe é. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ti ìdílé, orúkọ ọmọ gan-an sì ń tọ́ka ilé iṣẹ́ tó ti wá. Ilé onílù ni Àyàndélé ti ń wá, ilé ọdẹ ni Ọdẹ́wálé, ilé àwọn tó ń gbẹ́ ọnà ni Ọnàọlápọ̀, ilé eléégún sì ni Ọ̀jẹ́wálé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kúnlẹ̀ tàbí tó bá dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà láàárọ̀, ìyá àgbà á ki í, á máa dárúkọ irinṣẹ́ ilé wọn, ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti fi iṣẹ́ náà lókìkí, àti èèwọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká fiyè sí: àgbà ló ń ki ọmọdé. Ọmọ náà ń gba ìyìn iṣẹ́ tí kò tíì ṣe, kó lè mọ irú ènìyàn tí wọ́n ń retí pé kó dà.

Ibi iṣẹ́ ni ọmọ ti ń kọ́ ìlù ewì pẹ̀lú. Nínú àgbẹ̀dẹ, ọmọ kékeré ló sábà máa ń finná. Á jókòó sẹ́yìn ewìrì, á di igi méjèèjì mú, á máa tẹ ọ̀kan bó ti ń fa èkejì sókè. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá bára mu, iná á máa jó lọ́tùn-ún lósì, irin kò ní pọ́n bó ṣe yẹ, ọ̀gá á sì kígbe mọ́ ọn. Níwájú rẹ̀, ọmọ owú ń bọ́ lu owú ní ìwọ̀n kan náà. Kò sí ilé ìwé tó lè kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n ìlà ewì tó èyí. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà ń kọ́ tiwọn lójú títì: ìpolówó ọjà kò lè gùn, ó gbọ́dọ̀ dùn létí, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọjà náà máa ṣe fún ẹni tó bá rà á. Tí ilẹ̀ bá ṣú, tí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọ kan náà á tún máa sín ìpolówó ara wọn jẹ nínú eré.

Ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọdún 1843, ti ìjọ CMS sì tẹ̀ lé e ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1849 ni Samuel Àjàyí Crowther gbé ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kíkà jáde ní èdè Yorùbá. Ẹ̀sìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé kíkà ṣe, nítorí náà orin ìsìn ni ọmọ ilé ìwé ń kọ́ sórí, kì í ṣe ìyìn aláró tàbí adẹ́mu. Ohùn orin Òyìnbó ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyẹn sí. Èdè Yorùbá kì í gba irú ìyẹn: bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ á yí padà. T. K. Ekundayo Phillips, tó jẹ́ olórí olórin ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì dúró gbọn-in lórí pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ewì tí wọ́n ń ké lẹ́nu lásán bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí, ìdí pàtàkì kan sì nìyẹn tó fi yẹ ọmọdé ju orin àyálò lọ.

Ìjọba amúnisìn kò kọ́kọ́ fẹ́ ná owó sórí èdè wa. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 so owó ìrànwọ́ mọ́ kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes, tó ṣèwádìí lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà, gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 1922, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ fún Áfíríkà ní 1925, èrò náà yí padà: èdè abínibí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Láàárín àkókò yìí náà ni Dénrelé Ọbásá, tó ní ìwé ìròyìn Yoruba News ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn akéwì jọ. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1927. Kì í ṣe ìwé ọmọdé, ṣùgbọ́n ó fi han àwọn olùkọ́ pé ohun tí àwọn àgbà ń sọ lẹ́nu lè dúró lórí ìwé, ní ẹsẹ kúkúrú kúkúrú, lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó wá gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọdé gan-an ni Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1904, iṣẹ́ olùkọ́ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ó sì tún di mínísítà ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ìwé Aláwìíyé tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1943. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá tó lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà yẹn ló lè ké ó kéré tán ewì kan nínú rẹ̀ láì wo ìwé. Síbẹ̀, ewì tó lókìkí jù níbẹ̀ lórí iṣẹ́ kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kankan. Ọmọ tó ń kà á ló ń bá wí, ó ń kìlọ̀ fún un kó má ya ọ̀lẹ. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ewì tó ní kí ọmọ ṣiṣẹ́ àti ewì tó ní kí ọmọ rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un. Èyí àkọ́kọ́ ni ìwé wa fi ọdún púpọ̀ kọ́ni, ó sì yẹ ká gbà pé èkejì ló sún mọ́ "Ojú gbooro o!" jù.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Níbi tí ọmọ ti pọ̀ báyìí tí ìwé kò kárí, ewì kúkúrú ni ẹ̀kọ́ tó rọrùn jù. Ìwé kan tó lọ́wọ́ olùkọ́. Á fi ẹfun kọ ẹsẹ mẹ́rin sójú pátákó, á fi igi tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ á máa gbè é tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà á nu ìlà kan kúrò, wọ́n á tún un ké. Á nu èkejì. Nígbà tí pátákó bá fi máa mọ́ pátápátá, ewì náà ti wà lórí gbogbo kíláàsì. Ọmọ á gbé e délé, á ké e fún ìyá tí kò mọ ìwé, ìyá náà á sì bá a tún ibi tí ohùn ti ṣì ṣe.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ọmọ ń rí lójú pópó ti yàtọ̀ kó tó di ìgbà yẹn. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń fà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, iṣẹ́ wolé-wolé sì le sí i. Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di dókítà àgbà fún ìlera ìlú Èkó, wà lára àwọn tó tún iṣẹ́ náà tò. Wolé-wolé á ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, á wo ẹ̀yìnkùlé, á wo ilé ìgbẹ́, ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá sì mọ́ á rojọ́ ní kóòtù. Ó ń gba ẹ̀mí ọmọdé là, ọmọdé sì ń sá fún un. Agbépóò tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi òru ru ìgbẹ́ ìlú sórí kí àrùn má bàa pa ìlú, orin yẹ̀yẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó mọ̀ mọ́ ọn, àwọn àgbà kò sì bá wọn wí tó. Ìkà ni ìyẹn, ó sì dun ni pé títí ilé ìgbẹ́ olómi fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ìkíni tiwọn kò dúró lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà wà. Alágbẹ̀dẹ ní "Àrọyè", ọdẹ ní "Àrìnpa", ṣùgbọ́n àṣà kò fi ìkíni kankan sílẹ̀ de nọ́ọ̀sì, panápaná tàbí ẹni tó ń kó ilẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́" lásán ló kù fún wọn. Ewì ilé ìwé ló wá dí àlàfo náà. Ó rí ọ̀nà sí i nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní 1970 ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, wọ́n sì ní láti kọ ìwé tuntun lórí sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ìgbé ayé àwùjọ. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ọdún 1977 náà fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ ládùúgbò ti di orí ọ̀rọ̀ nínú ìwé ọmọdé, ewì kúkúrú sì ń bá a rìn.

Èdè fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún akéwì. Yorùbá máa ń pe ọ̀rọ̀ ìṣe lẹ́ẹ̀mejì láti fi sọ ẹni lórúkọ iṣẹ́: panápaná, wolé-wolé, gbẹ́nàgbẹ́nà, gbálẹ̀gbálẹ̀, ránṣọránṣọ, pẹjapẹja. Orúkọ wọ̀nyí ti jẹ́ ìlù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìlù. Gbálẹ̀gbálẹ̀ ń lọ mí-dò-mí-dò, panápaná ń lọ re-mí-re-mí, pẹjapẹja sì dúró lórí re kan náà títí dé òpin. Ọmọ tó bá ń ké wọn gbọ́dọ̀ là á dáadáa, nítorí kọ́lékọ́lé ń mọlé fún ni, kólékólé sì ń kó ilé lọ. Àmì kékeré ìsàlẹ̀ nìkan ló wà láàárín oníṣẹ́ àti olè.

Bí wọ́n ṣe ń hun irú ewì bẹ́ẹ̀ hàn nínú àpẹẹrẹ yìí, tí a ṣe fún àlàyé nìkan:

Gbálẹ̀gbálẹ̀ òwúrọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o!
Àkùkọ kò tíì kọ, ìgbálẹ̀ ń dún ṣàà, ṣàà;
Mo jí, mo rí títì, ó mọ́ tónítóní,
Ẹsẹ̀ mi ò kan ìdọ̀tí títí mo fi dé ilé ìwé.

Ìlà kìíní pe òṣìṣẹ́ náà lórúkọ, ó sì kí i. Ìkejì jẹ́ kí etí gbọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí ojú kò tíì lè rí i. Ìkẹta fi àbọ̀ iṣẹ́ hàn. Ìkẹrin ló ṣòro jù láti kọ, òun náà ló sì níye lórí jù, nítorí ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń ké e ló parí sí: ẹsẹ̀ tirẹ̀, ọ̀nà ilé ìwé tirẹ̀. Ewì tó bá yin òṣìṣẹ́ láì dé ibẹ̀ kò ju àkọlé ara ògiri lọ.

Nọ́ọ̀sì, dókítà àti dírẹ́bà kò ṣeé pè lẹ́ẹ̀mejì bí panápaná, nítorí ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n. Ọgbọ́n tí àwọn olùkọ́ ń dá sí i ni pé wọ́n á fi orúkọ náà sílẹ̀, wọ́n á mú ìṣe rẹ̀: ẹni tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ tó tún ń rẹni lẹ́kún, ẹni tó ń di ọkọ̀ mú kó má yẹ̀. Níbi ayẹyẹ ìparí ọdún, àwọn ọmọ á wọ aṣọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jáde síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ké ẹsẹ mẹ́rin tiwọn. Àwọn òbí tó jókòó níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti agbálẹ̀ tí wọ́n ń ké ewì náà fún.